Ibi Tí Mo Ti Mí Nínú Orin

Alágbàfọ̀ ni mí láyé mi. Aṣọ ni mo fọ̀, aṣọ ni mo lọ̀, orin ni mo sì fi ń ṣe é, nítorí ọṣẹ àti omi kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìwé tí mo kà kò ju kí n dá orúkọ oníbàárà mọ̀ lára àpò aṣọ. Ṣùgbọ́n orin? Orin ń bẹ lẹ́nu mi bí itọ́.

Nígbà tí mo yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ tí egungun itan mi dá, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi irin há egungun náà. Mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má jẹ́ kí òjò pa mí o, kí n má baà dógùn-ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orin mi ni wọ́n sọ mí ní Ìyá Olórin.

Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà ní yàrá tí wọ́n fi mí sí. Ẹni tó wà lórí èkejì ti lọ sílé, wọ́n ti ká tìmùtìmù rẹ̀ sókè, irin bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ń wò mí. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri. Bí àkókò ìbẹ̀wò bá tó, màá tún ìborí mi wé, màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti mọ ẹsẹ̀ tó ń lọ sí yàrá iwájú, mo mọ èyí tó ń yà sápá òsì. Èyí tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ni mi ò tíì mọ̀.

Ọmọ kan ni mo ní, obìnrin, ìlú tó ń gbé sì jìnnà. Láràárọ̀ ló máa ń pè mí lórí fóònù. Á ní, màámi, ṣé ara le? Màá ní ara le, a dúpẹ́. Kí ni kí n tún sọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àgbà tí wọ́n bá bi léèrè ara kì í ní ara òun ò le; ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, àìsàn á dá a lóhùn. Ọmọ mi á ní ó dáa, màámi, á pa fóònù, yàrá á sì padà sí bó ṣe wà.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi lójúmọmọ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bàtà rẹ̀ kì í dún rárá, ni mo bá sọ ọ́ ní Ológbò. Ó fẹ́ràn orin kan tí mo fúnra mi ṣe nídìí áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí bàbá ọmọ mi kú:

Òjò àná ò mọ ilé ẹni tó ń jò,
oòrùn òní ò bèèrè ẹni tí ò sùn;
èmi náà á jí, màá ṣílẹ̀kùn mi,
màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹnìkan á kọjá.

Láti ibi “èmi náà á jí” títí dé “kọjá”, a kì í mí níbẹ̀. Èémí kan ló ń gbé e. Bí Ológbò bá gbìyànjú rẹ̀, á já a láàárín, màá sì bú u pé èémí ẹ kúrú bí ìrù ewúrẹ́, àwọn ọmọ ayé òde òní.

Nígbà tó yá, ọjọ́ tí mo máa lọ sílé pé. Dókítà wá láàárọ̀, ó wo ojú abẹ, ó ní ó ń jinná dáadáa, ó buwọ́ lùwé. Ọmọ mi ti gbàyè níbi iṣẹ́ láti wá gbé mi. Ọjọ́ kan péré ni ọ̀gá rẹ̀ fún un. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ilé kọ́ ni mo ń wá. Kí ló wà nílé? Mo fẹ́ jókòó ti ọmọ mi nínú ọkọ̀, kí èjìká mi kan tirẹ̀, kó máa bá mi jà pé mò ń kọrin jù.

Mo dìde jókòó kí n wé ìborí mi, ni nǹkan kan bá mú mi láyà. Kò dùn mí púpọ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo jókòó sí ni mo ṣì wà. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo bẹ nǹkan náà nínú ọkàn mi pé kó ṣe sùúrù, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ délé.

Ológbò wọlé. Ó bi mí pé ṣé ara le. Mo ní ara le, a dúpẹ́. Ó bi mí bóyá ibì kan ń dùn mí, mo ní kò síbì kankan. Ó ní ṣé mò ń mí dáadáa. Mo ní mò ń mí bí ẹṣin.

Kò lọ. Ó wo ọwọ́ mi tó di bẹ́ẹ̀dì mú. Ó wo ìborí tí mo wé dé ìdajì tí mo fi sílẹ̀.

“Ìyá Olórin,” ó ní, “ẹ kọ orin yẹn fún mi kẹ́ ẹ tó máa lọ.”

Ta ló ní kí n kọrin rí tí mo kọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀. Òjò àná rọ̀ dáadáa, oòrùn òní yọ. Mo dé “èmi náà á jí”, mo mí. Mo ní “màá ṣílẹ̀kùn”, mo tún mí. Nígbà tí mo máa fi dé ẹnu ọ̀nà, èémí ti tán. Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lásán, ẹnikẹ́ni ò kọjá.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀fun mi ló gbẹ. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fi nǹkan kékeré kan há mi lórí ìka, bí ìgbà tí mo bá ń há aṣọ mọ́ okùn, ó ń wo nọ́ńbà tó gbé jáde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago tó so mọ́ àyà rẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì, ó fi ọ̀kan wé èkejì, ó rọra tẹ iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ta gìrì.

“Ẹ má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ìyá.”

“Ológbò, ọmọ mi ti wà lọ́nà. Ọjọ́ kan yìí náà ló ní. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa lọ.”

“Bí mo bá ní kẹ́ ẹ máa lọ,” ó ní, “mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa délé.”

Ó tẹ aago ìpè, ó dúró tì mí, ó fi atẹ́gùn sí mi nímú. Ó pe dókítà lórí fóònù. Mo gbọ́ tó sọ pé àwọn nọ́ńbà àárọ̀ dáa lóòótọ́, pé ìsinsìnyí ni wọn ò dáa. Pé ìyá yìí ń kọ orin yìí láìmí lánàá, kò sì lè parí rẹ̀ lónìí. Pé ẹsẹ̀ kan ti wú ju èkejì lọ. Dókítà ò bá a jiyàn. Kíá ni bàtà tiẹ̀ ń dún bọ̀.

Wọ́n tì mí lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló kúrò lẹ́sẹ̀ mi tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó máa dì sí i.

Nígbà tí ọmọ mi dé, rọ́bà atẹ́gùn ló bá nímú mi. Ológbò sọ fún un bí orin mi ṣe já láàárín. Ọmọ mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ara le?”

Mo ní èmi ni. Ó ní mo parọ́ fún òun. Mo ní kì í ṣe irọ́, ìkíni ni. Ológbò ń to abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè tó fi ní:

“Ìyá, bí mo bá bi yín, ẹ má kí mi. Ẹ dá mi lóhùn.”

Ọmọ mi ya irun mi, ó dì í. Ó lo ọjọ́ rẹ̀ tán lórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ní òun ní láti máa lọ, ọ̀gá òun ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dì. Òórùn ìpara rẹ̀ kù lórí ìrọ̀rí. Èmi àti irin bẹ́ẹ̀dì kejì tún ń wo ara wa.

Fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Màámi, ṣé ara le?”

Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

“Kò le, ọmọ mi. Àyà ń dùn mí bí mo bá yí. Àti pé kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ó ti pẹ́ tí kò ti sẹ́nì kan.”

Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn kan, ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

“Ẹ kọ orin yẹn,” ó ní. “Ẹ má sáré.”

Mo kọ ọ́. Ó ń gbọ́; mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ́. Mo jí, mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ibi méjì lẹ ti mí,” ó ní. “Màá tún pè lálẹ́, màá gbọ́ bóyá ó ti dín kù.”

Mò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ látàárọ̀. Ológbò ní kí n sinmi. Mo ní sinmi kẹ̀, alẹ́ ti ń lẹ́, mo lálejò lẹ́nu ọ̀nà.