Ìyálé Mi Kò Jẹun

Aláǹtakùn ni ìyálé mi, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Stephen ọkọ mi ló fún un lórúkọ yẹn. Ó rí i nínú ebè iṣu ní Ọ̀kà kó tó fẹ́ mi, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, irun sì bò ó tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ike rẹ̀, mo figbe ta. Stephen ní, "Kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ, jàre."

Nígbà tí mọ́tò pa Stephen lọ́nà Ìkàrẹ́, wọ́n wọ̀ mí láṣọ dúdú, wọ́n sì fi mí jókòó sórí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀. N kò gbọdọ̀ dé ìta. N kò gbọdọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkàrẹ́. N kò gbọdọ̀ wọ yàrá ọkọ mi títí n óò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. A kò bímọ, àwọn tó ń wá kí wa sì ń sọ ọ́ sí mi létí. Ìyálé mi nìkan ni Stephen fi sílẹ̀ fún mi, ó wà nínú yàrá ọkọ mi tí Màmá tì pa. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń fún un lómi.

Oúnjẹ ni Màmá fi ń ṣìkẹ́ mi. "Jẹun, Ìtùnú. O ò lè bá a kú." Bí n kò bá gbé òkèlè mì, kò ní kúrò níwájú mi. Iyán tó ń gbé wá kò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé iyán dé, ó ń mi orí.

"Àṣé ẹran yẹn mọ̀ pé Stephen ti kú! Kò jẹun mọ́. Ó ti fi òwú tẹ́ ẹní bíi tìẹ, ó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó dojú sókè. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Mo ti ju ìrẹ̀ kan tó sanra sí i. Ó ku ìwọ."

"Ìrẹ̀? Láàyè?"

"Ṣé òkú ni kí n fún un ni?"

Stephen ti kọ́ mi: bí ó bá fẹ́ bọ́ awọ, kì í jẹun, ẹ̀yìn ló fi ń lélẹ̀, ara rẹ̀ á sì rọ̀ débi pé ìrẹ̀ lásán lè jẹ ẹ́ pa.

"Màmá, ẹ yọ ìrẹ̀ yẹn kúrò!"

"Kí èmi ki ọwọ́ bọ ibẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ yọ ọ́."

"Èèwọ̀! Opó kì í wọ yàrá ọkọ rẹ̀."

Inú bí mi. "Ọmọ yín ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé orí ẹní ni n óò jókòó sí tí èyí náà á fi kú?" Mo na ọwọ́, mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí ìró rẹ̀. Ìdí ìró ìyá ọkọ mi o! Ó ké "Yéè!" ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi.

Ṣẹ́ẹ̀tì Stephen ṣì wà lára ìṣó. N kò wò ó. Ìrẹ̀ olóríburúkú náà ti ń jẹ ẹsẹ̀ ìyálé mi, mo fọwọ́ mú un, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Ara ìyálé mi ti ń jáde, àmọ́ ẹsẹ̀ tó fara pa yẹn há sínú awọ àtijọ́. Ọwọ́ ń yún mi láti fà á. Stephen ní ẹni tó bá fà á ti pa á nìyẹn. Mo kán omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe Jésù. Ìyálé mi á fà, á sinmi, á tún fà. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún: "Fà á, ìyálé mi. Jọ̀ọ́, má kú."

Ẹsẹ̀ náà gé. Ó fi méje tó kù jáde, ó ń mí. Awọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun tirun.

"Wọ́n ti di méjì ni?" Màmá bi mí.

"Awọ rẹ̀ nìyẹn, Màmá. Kò ṣọ̀fọ̀. Kò kàn tíì lè jẹun ni."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Stephen ní á tún hù, bó bá tún bọ́ awọ."

Màmá fi ìró nu ojú. "Èmi ni mo fẹ́ fi oúnjẹ pa á."

Ó ti ilẹ̀kùn pa, ó mú mi padà sórí ẹní. Iyán ti tutù. Mo ń retí "jẹun" rẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé abọ́ náà kúrò.

"Ìgbà tí ebi bá pa ẹ́, kí o pè mí."

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi pè é.