Ọkọ̀ Tí Namunyak Kò Gùn Rí

Bí owú bá ń pa ènìyàn ni, Koileken ìbá ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí àmọ̀tẹ́kùn kọ́kọ́ gun orí ọkọ̀ Meitamei.

Ẹranko náà kò ṣèèṣì débẹ̀ o. Ńṣe ló rọra fò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba ibẹ̀ bọ́ sórí òrùlé, ó jókòó, ó ń wo pápá bí ìyálé tó ń wo àgbàlá rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ìlà dúdú méjì sì ṣàn láti ojú rẹ̀ dé ẹnu bí ẹni tó ti ń sunkún láti àárọ̀. Àwọn àlejò tó wà nínú ọkọ̀ ya fọ́tò láìdáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ náà ni àwọn awakọ̀ tó ń kó àlejò káàkiri pápá Mara láti wo ẹranko ti ń pe ẹranko yẹn ní Namunyak, ìyẹn olóríire ní èdè Maasai. Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn àlejò tó bá dé ibùdó ti ń béèrè Meitamei kí wọ́n tó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, Koileken ló kọ́ Meitamei ní ìwakọ̀! Ọdún mọ́kàndínlógún ni Koileken ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò sí odò tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ ti lè là á kọjá. Bó bá jẹ́ pé àjèjì ni Meitamei, ì bá bú u kí ara tù ú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, òwúrọ̀ kan náà ni wọ́n dákọ́, ẹgbẹ́ ẹni kì í sì í ṣe ẹni tí Maasai ń fi nǹkan pamọ́ fún. Bí wàrà bá wà nílé Koileken, Meitamei lè wọlé gbé agbè mu láìbéèrè. Àwọn awakọ̀ ti mú àṣà yìí wọ inú iṣẹ́ wọn pẹ̀lú. Ẹni tó bá rí ẹranko ní láti pe àwọn yòókù lórí rédíò ọkọ̀, kí gbogbo àlejò lè rí i.

Ìgbà mọ́kànlá ni Namunyak ti gun ọkọ̀ Meitamei. Koileken ló ń kà á. Ẹranko náà ti gun ọkọ̀ Tipape, awakọ̀ mìíràn, tí wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra. Kò gun ti Koileken rí. Koileken fọ ọkọ̀ títí ó fi ń dán, kò gùn ún. Ó fi sílẹ̀ láìfọ̀ fún oṣù kan, kò gùn ún. Ìyàwó rẹ̀, Resiato, tó ń mójú tó rédíò ní ibùdó, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Naserian," ni obìnrin náà máa ń wí, "ìwọ náà kúkú lọ gun ọkọ̀ Meitamei, kí ìwọ àti Namunyak jọ jókòó síbẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni Koileken ń fẹ́ láyé yìí. Kí Namunyak gun ọkọ̀ òun, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, obìnrin kan dé láti ìlú Kisumu, Akoth ni orúkọ rẹ̀, fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà méjì ló fi kọ́rùn.

"Ẹ̀yin ni Meitamei?"

"Rárá o. Koileken ni mí."

"Háà." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò burú, bàbá. Wọ́n ní Meitamei ti ní àlejò méje lónìí. Wọ́n ní ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Koileken lára ju òtútù àárọ̀ lọ. Ibi tó ti ń gbé e mì ni Meitamei ti yọ, ife tíì oní wàrà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọ̀kan sí i.

"Ẹgbẹ́ mi, gbà, mu. Ibo lẹ ń gbà lónìí?"

"Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé wa dé."

"Ọkọ̀ rẹ ti wá lẹ́sẹ̀?" Meitamei bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí nìyẹn tí ò fi ń sáré!"

Gbogbo awakọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Koileken náà rẹ́rìn-ín. Ó kórìíra ẹ̀rín ọkùnrin yẹn. Ó kórìíra bí tíì tó fún òun ṣe dùn tó.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi yí pápá ká. Wọ́n rí kìnnìún tó ń sùn. Akoth yán.

"Bàbá, fọ́tò kìnnìún tó ń sùn tó wà nílé mi á kún àpótí kan."

Koileken ṣáná sọ́kọ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sí ìdí òkìtì ikán ńlá kan tó wà nítòsí odò Talek, ibi tó máa ń dúró sí látọdúnmọ́dún. Orí òkìtì ni àmọ̀tẹ́kùn máa ń gùn láti wo ọ̀nà jíjìn, nítorí náà, ìdí òkìtì ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ ń dúró sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà sì ṣe kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Namunyak ti gun òkìtì yẹn níwájú rẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Lẹ́yìn náà yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa lọ síbi tí Meitamei wà.

Ó gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Namunyak ló ń bọ̀ yẹn, òun nìkan, láti apá odò. Koileken kò rí ọkọ̀ kankan nítòsí rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí rédíò kó tó dá a dúró. Bó bá pè, Meitamei yóò dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò wá di ìgbà kejìlá. Bó bá sì dákẹ́, wọn yóò pè é láti béèrè ohun tó rí. Kò lè purọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá kú, ta ló bi í léèrè? Irọ́ wo ló pa? Ó pa rédíò.

"Ṣé rédíò yín bàjẹ́ ni?" ni Akoth béèrè.

"Ó ń sinmi ni."

Ẹ̀rù tún bà á. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìdí òkìtì yìí ni Koileken máa ń wà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a, tààrà ni yóò gbabẹ̀ wá. Ó ṣáná sọ́kọ̀, ó wà á lọ sí àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí koríko rẹ̀ kò ga ju kókósẹ̀ lọ, tí kò sí òkìtì tàbí igi kan níbẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Namunyak ń bọ̀. Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yí i po, ó gbóòórùn táyà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, pẹ́ẹ́. Ó ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èékánná rẹ̀ ń ha irin. Ó wo Koileken gba inú gíláàsì, ojú rẹ̀ pọ́n bí oyin, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ó bọ́ sórí òrùlé. Ìrù rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ láti ojú ihò òrùlé tí àlejò fi ń yọjú, ó sì gbá fìlà Koileken.

"Kámẹ́rà ńlá yìí ò lè rí i," ni Akoth ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti sún mọ́ mi jù, ẹ gbà mí o, irun lásán ni mò ń rí!" Ó gbé kámẹ́rà kékeré, ó dìde díẹ̀ nínú ihò náà, ó ń yà á ní ojúkojú. Èémí ẹranko náà ń bọ́ sójú rẹ̀. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Koileken lọ́kàn kì í ṣe ẹwà ẹranko náà. Bí ojú Meitamei yóò ṣe rí nígbà tó bá gbọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn kọjá ààlà.

Ọ̀sán ni wọ́n padà sí ibùdó. Koileken kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa tó ti ń pariwo.

"Ẹ wá wo ìlà èékánná lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi! Ẹ wá wò ó!"

Meitamei ló kọ́kọ́ sáré dé. Ó dì mọ́ ọn. "Ẹgbẹ́ mi! Inú mi dùn gan-an ni."

"Ojú mi ni mo fi wá a," ni Koileken wí, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹnikẹ́ni ò júwe rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo mọ ibi tó yẹ kí n dúró sí."

Gbogbo awakọ̀ ń wo inú ife tíì wọn. Tipape wúkọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Meitamei dáhùn. "Ojú rẹ mú." Ó sì lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ láti pààrọ̀ táyà kan tó jò.

Akoth gbé kámẹ́rà wá bá Koileken àti Resiato lẹ́nu ọ̀nà ilé rédíò. Fọ́tò náà dára débi pé Resiato pàtẹ́wọ́. Orí Namunyak kún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan pupa kékeré kan wà lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn etí rẹ̀. Akoth sọ ọ́ di ńlá. Ọkọ̀ kan ló dúró síbẹ̀, àlejò méje wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tó ró aṣọ pupa sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká apá méjèèjì lé àyà.

"Ta nìyí, bàbá?" ni Akoth béèrè.

Koileken gbé kámẹ́rà náà sún mọ́ ojú. Akoth wo ojú rẹ̀, ó gba kámẹ́rà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló dé tí o pa rédíò?" ni Resiato wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Meitamei pè ọ́. Òun ló kọ́kọ́ rí i létí odò. Ó ní, 'Koileken, Namunyak ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Kúrò nídìí òkìtì, lọ dúró sí gbalasa, kí o pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá rí òkìtì, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?' Nígbà tí o ò dáhùn, ó bẹ àwọn yòókù kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ibẹ̀. Ó ní tìrẹ ni tòní. Ó ní kí àwọn àlejò òun náà dúró lókèèrè."

"Wọ́n gbọ́?"

"Gbogbo Mara ló gbọ́, àfi ìwọ."

Koileken ṣí fìlà rẹ̀. "Kí ló dé tí kò sọ ọ̀rọ̀ òkìtì yẹn fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ó sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, nílé wa, lójú mi. O ní ìwọ lo kọ́ ọ ní ìwakọ̀, kí ló fẹ́ kọ́ ọ."

Koileken jáde. Meitamei wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí táyà, ó ń súfèé. Koileken ti rò pé bí Namunyak bá gun ọkọ̀ òun lẹ́ẹ̀kan péré, owú yóò tán. Kò tán. Ó tún wá le sí i. Ní àárọ̀, ohun tí ọkùnrin yìí ní ló ń jowú. Ní báyìí, irú ènìyàn tó jẹ́ ló ń jowú, èyí kò sì ní ibi tí èèyàn lè wa ọkọ̀ lọ dúró dè é.

Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó tan rédíò, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ jáde nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní ibùdó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Meitamei, Koileken nìyí. Mo ti gbọ́ ìpè rẹ. Ìwọ lo rí i, kì í ṣe èmi."

Meitamei gbójú sókè láti ìdí táyà.

"Àṣé rédíò rẹ ò kú," ló wí. "Wá bá mi di táyà yìí mú, ó wúwo."

Koileken sọ̀ kalẹ̀, ó lọ. Owú náà bá a lọ. Ó di táyà náà mú ṣinṣin títí Meitamei fi dè é tán.