Ọbẹ̀ Tí Ń Pe Ọkọ

Òtútù Dallas kì í pẹ́, ṣùgbọ́n tó bá dé, inú eegun ló ń wọ̀ sí. Tíì kò lé e. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kò lé e. Ọbẹ̀ kan ló ń lé e, ní ilé oúnjẹ àwọn ará Vietnam kan ní Carrollton. Ẹran màlúù ni, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, àti ewé kan tó jọ efinrin lórí rẹ̀. Wọ́n á gbé búrẹ́dì gígùn tì í. Ẹran náà rọ̀ débi pé ẹni tí kò léyín lè jẹ ẹ́.

Détọ́lá ọmọ mi ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀, kó tó kó lọ sí Chicago. Láti ìgbà náà, tí òtútù bá ti dé, mo máa ń wọ rélùwéè lọ síbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Mojíbọ́lá, ìyàwó mi, ní Irving. N kò sọ fún un. Kò bi mí.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bí mo ṣe jókòó ni fóònù mi dún. Mojíbọ́lá ni.

“Bàbá Détọ́lá, ṣé ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa kán? Wọ́n ní yìnyín lè bẹ́ páìpù lónìí.”

“Mo jẹ́ kó máa kán.”

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti kígbe sí àwọn tó wà ní kíṣìnnì: “Bò kho!”

Orúkọ ọbẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é, ohun kan ṣoṣo ni etí Yorùbá lè gbọ́: “Bọ̀, ọkọ!”

Mojíbọ́lá gbọ́ ọ.

“Ta nìyẹn?”

“Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ.”

“Níbo?”

N kò tíì dáhùn tí ọmọ náà tún kígbe. Mojíbọ́lá pa fóònù.

Fóònù mi máa ń júwe ibi tí mo bá wà fún un. Détọ́lá ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí n má baà sọnù. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo sì mọ̀ pé tó bá ní kí n má débẹ̀ mọ́, n kò ní débẹ̀ mọ́. Báyìí la ṣe ń gbé. Òtútù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Wọ́n gbé ọbẹ̀ dé. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo wo ọbẹ̀. Mo mú ṣíbí.

Mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn, nígbà tó wọlé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

“Ta ló ń pè yín lọ́kọ?”

“Ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé.”

“‘Bọ̀!’ Kò tiẹ̀ ní ‘ẹ máa bọ̀’! Ọkọ tí èmi ń fi ‘ẹ’ pè láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ọmọ kékeré kan ní ‘bọ̀’, bí ẹni ń pe ajá!”

Inú ń bí i gan-an, ṣùgbọ́n kò yọ “ẹ” kúrò lórí mi. Mo kíyè sí i.

Ọmọ náà gbé abọ́ jáde. “Bò kho?” Bàbá kan tó dé fìlà onírun nawọ́.

“Ẹ gbọ́! Ó tún ní òmíràn!”

“Bò kho?” Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú nawọ́.

“Mẹ́ta! Pẹ̀lú yín, mẹ́ta!”

“Bò kho?” Obìnrin kan tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nawọ́.

Mojíbọ́lá la ẹnu sílẹ̀. “Èyí náà, ọkọ ni?”

“Ọbẹ̀ ni,” mo ní. “Orúkọ ọbẹ̀ ni.” Mo ti abọ́ mi sí iwájú rẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò ní ìdúró. Ó jókòó. Ó fa abọ́ náà mọ́ra. N kò tún fojú kàn án títí ó fi ṣófo.

“Ẹ sì ń dá a jẹ,” ó ní. “Èmi wà ní Irving, ẹ̀yin ń dá irú èyí jẹ.”

“O ò bi mí.”

“Ṣé kí n máa bi yín ni? ‘Ẹ kú ilé o, ṣé ẹ ò jẹ ẹran lẹ́yìn mi?’”

Mo jẹ búrẹ́dì.

Ó fẹ́ òmíràn. Ó nawọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè pe ọkọ láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Ó ní, “Ẹ bọ̀, ọkọ!” Ọmọ náà wò ó, ó wò mí. Mo na ìka méjì. Ó gbé méjì wá. Mojíbọ́lá jẹ ẹran inú méjèèjì.

“Ẹ ò gbọdọ̀ dá wá síbí mọ́,” ó ní bí a ṣe ń wọ mọ́tò.

“Ó dáa.” Mo rò pé mo ti borí.

Òtútù tún dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo wọ ẹ̀wù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mojíbọ́lá kọjá lára mi, òun àti Bridget, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́.

“Níbo lẹ̀ ń lọ?”

“Carrollton.”

“Èmi ńkọ́?”

“Àwa nọ́ọ̀sì nìkan ni.”

“O ní n kò gbọdọ̀ dá lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dúró de Détọ́lá.”

Oṣù Kìíní la wà. Kérésìmesì ni Détọ́lá máa ń wá.

Wọ́n dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n bu díẹ̀ bọ̀ fún mi nínú ike. Mo ṣí i. Kárọ́ọ̀tì ni. Mo fi ṣíbí wá ìsàlẹ̀. Kárọ́ọ̀tì ni.

“Ẹ kú ilé o, sà,” ni Bridget wí. Ó ń nu ẹnu.

“O ṣé,” mo ní. Mo gbé e ka iná.