Ulé, Uṣu, Ugbá

Ẹ̀rù ti ń ba Dùnmínínú kí òun àti ìyá rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìwòsàn ní Fájuyì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá rẹ̀, Màmá Àtinúkẹ́, tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Ìyìn-Èkìtì, ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń tọ̀ láti ogójì ọdún. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Ọjọ́ ogbó wo? Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin péré.

Dókítà Níìfẹ́mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Dùnmínínú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ọpọlọ, tíntìntín, ojú lásán kò rí wọn. Àwọn ló ń gbá ìdọ̀tí, àwọn ló ń lé àrùn. Ṣùgbọ́n nínú irú àìsàn ìgbàgbé tí òun ń fura sí yìí, bí ìdọ̀tí bá pọ̀ tí kò tán, inú a máa bí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sódì, wọn a wá máa jẹ èyí tó yè mọ́ èyí tó kú.

"Tí a bá tètè mọ̀, a lè dín eré rẹ̀ kù. Tó bá pẹ́, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́."

"Aṣọ́lé wá ń jẹ onílé," ni Dùnmínínú wí.

Dókítà na àwòrán sí Màmá, ó ní kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n rí.

"Ulé," ni Màmá wí. "Uṣu. Ugbá."

Dókítà fi báírò pupa fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Dókítà, Èkìtì ni wọ́n ń sọ o. Ilé, iṣu, igbá ni." Dùnmínínú rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ojú ti dókítà, ó bẹ̀bẹ̀, ó dá máàkì padà.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n yege. Ẹ máa lọ sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Dùnmínínú ti gbé báàgì Màmá kọ́ apá kí ọ̀rọ̀ náà tó gún un láyà. Ìgbà wo ni ìyá òun ti ń pe ilé ní ulé níwájú àlejò? Màmá tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní Yorùbá, tó ń fi rúlà na ọmọ tó bá sọ ulé ní kíláàsì! Òun alára jẹ nínú rúlà náà. Tí àlejò bá ti wọlé, Yorùbá ìwé ni Màmá ń sọ, kódà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ta ló wá jẹ ìyẹn? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dé ibẹ̀.

Ó lè dákẹ́. Kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n ra àkàrà lọ́nà, kí wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù ú. Ó padà jókòó.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé e padà. Màmá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí fún àlejò." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Màmá na ọwọ́, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó wá yíjú sí dókítà, àánú kún ojú rẹ̀, ó sì fi ohùn Ìyìn bi í léèrè pé kí ló ṣe ìyá ọmọ tó ń sunkún yìí.