Àdírẹ́sì Tí Kò Tíì Sinmi

Kò sí fóònù kan tó ń dún nínú yàrá náà. Nígbà tí obìnrin náà ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rín àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ kàn án létí. Ọ̀kan ń kun èékánná. Òmíì ti bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga. Bẹ́ẹ̀ ibí ni gbogbo ìlú ń pè bí ẹnìkan bá dákú tàbí tí ilé bá ń jó; ibí ni wọ́n ti ń rán ọkọ̀ áńbúláǹsì jáde.

"Lánlédì inú afẹ́fẹ́! Ẹ káàbọ̀ o!" Àbúrò rẹ̀ ni, òun lọ̀gá ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yín mà dára o. Láti àárọ̀ lara ti tù wá. Ìpè kan ṣoṣo ò tíì wọlé."

"Kan ṣoṣo?"

"Ẹ má sọ ọ́ sókè, kó má lọ bẹ̀rẹ̀."

Lánlédì tó ń pè é yẹn, kì í ṣe pé ó nílé kankan o. Òun gan-an ń háyà ilé gbé. Àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fi háyà. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì, àdírẹ́sì ọ̀hún sì wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ fúngbà díẹ̀ á wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á lò ó, á dá a padà. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe wá nìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń làágùn yọ̀bọ̀. Wọ́n ń múra àtikó wá sílé tuntun yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìpè wọn á máa gbà wọlé, àdírẹ́sì tiwọn ò sì tíì dé.

Gbogbo àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà ló ti fi háyà tán, àfi èyí tí ọkùnrin kan tó lóun ń ta bàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà. Irọ́ ni, kò ta bàtà kankan. Lẹ́tà jìbìtì ló ń fi í rán káàkiri, títí ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, títí kan ti fóònù, fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohunkóhun tó bá ń lọ tàbí tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ yìí, àdírẹ́sì tó bá bàjẹ́ báyẹn, ṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á bẹ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní gbé e fún ẹlòmíì títí gbogbo wọn á fi dárí jì í. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pariwo èyí létí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ló dúró síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń bẹ̀bẹ̀. Àánú ṣe é, ó gbé e fún un; àárọ̀ òní sì ni wọ́n kó wọlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

"Báwo lẹ ṣe dán àdírẹ́sì yẹn wò?" Obìnrin náà béèrè bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

"Fóònù tábìlì yìí la fi pe tọ̀hún. Ó dún kíkankíkan."

Inú yàrá kan náà. Ìpè yẹn ò tilẹ̀ jáde síta.

"Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, nírú àsìkò yìí?"

"Tẹ́lẹ̀ kẹ̀? A kì í ráyè jẹun! Àdúrà Màámi ló gbà."

Obìnrin náà lọ sídìí fèrèsé, ó yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ sórí. Ó gbé e sétí.

Ó ń dún. Ó ń dún dáadáa, bí ìgbà tí ẹnìkan fẹ́ gbé e. Ó yíjú padà wo orí tábìlì. Àwọn fóònù náà jókòó jẹ́ẹ́. Obìnrin tó ń kun èékánná ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè gbẹ.

Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè gbé fóònù náà kúrò létí. Ta ló ti dúró báyìí láti àárọ̀? Ta ló ń sọ fún ẹni tó wà nílẹ̀ pé, fara dà á, ó ń dún, wọ́n máa tó gbé e?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń pè?"

"Ẹ̀yin ni," ó wí.

Àbúrò rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yíjú sí tábìlì.