Bẹ́líìtì Tòkunbọ̀

"Ruth, má fọwọ́ kàn án! Òróró wà lọ́wọ́ rẹ."

Ruth yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára bẹ́líìtì dúdú tó wà lórí àpò sìmẹ́ńtì. Kò tilẹ̀ fẹ́ gbé e, ó kàn fẹ́ wò ó ni. Gbádéyan ọkọ rẹ̀ ti ki orí bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ dúró lórí bátìrì, òyìnbó kan nínú fídíò ń ṣàlàyé bí ẹni tí kò rí wàhálà rí láyé. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni Gbádéyan, ọmọ Èkìtì tí iṣẹ́ gbé wá sí Gbaji, lẹ́bàá Badagry. Ohun tó bá ti gbà gbọ́, ẹ̀dá kan kò lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó sì gbà gbọ́ láti èṣí ni pé mẹkáníìkì ló pa ọmọ òun.

Ta ló máa bá a jiyàn? Nígbà tí Ruth ń rọbí lọ́dún náà, ojú ọ̀nà Badagry ni ọkọ̀ yìí kan náà kú sí, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọjà. Bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì ló já. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn dá dúró, ọmọ ti dákẹ́ sínú. Nígbà tí Abdulrauf, mẹkáníìkì tó fi bẹ́líìtì náà sí i, wá bá wọn kẹ́dùn, Gbádéyan gbé irin jáàkì, ó lé e jáde. Ọkùnrin náà kàn ń wí pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," títí ó fi dé títì. Ruth pàápàá gbé e ṣépè lọ́jọ́ náà, tọkàntọkàn.

Ní báyìí, ìkúnlẹ̀ mìíràn ti sún mọ́. Láti ìdájí ni ẹ̀yìn ti ń ro ó, kò sì tíì sọ fún ẹnì kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ń bà á, àfi bí ẹni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò tíì kúrò, pé ó jókòó tó ń dúró dè wọ́n. Òjò ti ṣú lápá òkun, àwọn adìyẹ sì ti wọlé lọ́sàn-án gangan.

"Ṣé bẹ́líìtì yẹn dára?" ó béèrè.

Gbádéyan rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè. "Tòkunbọ̀ gidi nìyí! Ara ọkọ̀ tí wọ́n tú ní Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ ọ. Ayédèrú ni gbogbo tuntun tí wọ́n ń tà káàkiri. Ohun tí òyìnbó lò tí kò bàjẹ́, ṣé ọwọ́ tèmi ló fẹ́ bàjẹ́ sí?"

Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ yìí? Tòkunbọ̀ ni fíríìjì inú ilé wọn, tòkunbọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì wọn, bàtà ẹsẹ̀ Ruth náà kò ṣàìgun ọkọ̀ òkun. Ó ń mi orí lọ ní tirẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi kún un.

"Irú èyí gan-an ni mo rà fún Abdulrauf. Ó ní kí n lọ ra tuntun, pé rọ́bà tó bá ti pẹ́ kò ṣeé fọkàn tán. Mo ní kó fi sí i bẹ́ẹ̀. Ká ní ó mọ̀ ọ́n fi sí i ni, ṣé ì bá já?"

Ruth kọjú sí i. "Ẹ̀yin lẹ ra ti èṣí?"

"Ta ni ì bá tún rà á? Fún mi ní sípánà yẹn."

Ó mú sípánà fún un. Bí Gbádéyan ti ń tẹ bẹ́líìtì náà kó lè wọ àyè híhá tó ń lọ, inú bẹ́líìtì náà là wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ruth rí i. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun náà rí i. Ọkùnrin náà kàn fi àkísà nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó parí, ó ṣí iná sí ọkọ̀, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Gbọ́ ohùn rẹ̀! Ruth, gbọ́ ohùn rẹ̀!" Ibi tó ti ń jó yí ọkọ̀ ká ni omi ti tú sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Gbádéyan sáré gbé báàgì ìkúnlẹ̀ jáde, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn. "Wọlé, ó yá! Kí òjò tó dé, a ti dé ọsibítù."

Ruth di ilẹ̀kùn mú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ẹkún tó sun lórí ọmọ èṣí pọ̀ ju ti òun ìyá lọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ó na ọwọ́, ó gbé báàgì náà jáde, ó sì kọjú sí etí odò lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bọ̀dá Sagbo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín, kí ẹ fi gbé mi dé ọsibítù. Ó ti tó àkókò."

"Nínú òjò tó ń bọ̀ yìí kẹ̀? Ṣebí ọkọ ẹ ti tún mọ́tò ṣe, mò ń gbọ́ ọ."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Sagbo wo ojú àbúrò rẹ̀, ó ju àwọ̀n sílẹ̀.

Gbádéyan sáré tẹ̀ lé wọn, gírísì dé ìgúnpá. "Kí lo ń ṣe? Ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́! Ta ló ń ba orúkọ mi jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ? Abdulrauf, àbí? Kí ló sọ fún ọ?"

Ruth ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìrora dé, ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ ò jẹ́ kí Abdulrauf sọ nǹkan kan," ó ní. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ lọ pa mọ́tò yẹn, kí ẹ wá wọlé síbí."