Tábìlì Kan fún Gbogbo Ọpọlọ

“Àwòrán tún ti dì!” Máníjà já wọ yàrá ẹ̀rọ bí ẹni tí iná ń lé. “Dókítà ń tọ́ nọ́ọ̀sì abúlé sọ́nà lórí ìpè fídíò bó ṣe máa rán ojú ọgbẹ́ aláìsàn, ni ojú nọ́ọ̀sì bá dúró gbagidi. Ilé ìwòsàn ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, àwọn á lọ bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mìíràn.”

Bàbá Ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá yàrá náà, kò gbójú sókè. Iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ni kó máa wo ohun gbogbo tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá, kó mọ ìpè dókítà yàtọ̀ sí eré àti fíìmù, kó sì la ọ̀nà fún dókítà. Ọpọlọ méjì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, ni ẹ̀rọ àtijọ́ ní. Wọ́n ra tuntun tó ní mẹ́rìndínlógún. Kàkà kó yá, ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín.

“Ọpọlọ rẹpẹtẹ, kò sí làákàyè!” Máníjà pòṣé, ó jáde.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, yí àga rẹ̀ sí Bàbá Ẹ̀rọ. “Bàbá, mo ti sọ ọ́, ẹ ò fẹ́ gbọ́. Tábìlì àkọsílẹ̀ inú ètò ẹ̀rọ yẹn ni. Orí tábìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ọpọlọ ti ń kọ ohun tí wọ́n bá rí. Bí ọ̀kan bá ń kọ, á ti ilẹ̀kùn, àwọn tó kù á tò síta bí ẹni tó ń dúró de ilé ìwẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà ń gùn sí i.”

“Mo ní kí o má fọwọ́ kan ibẹ̀.”

“Kí la wá fẹ́ fọwọ́ kàn? A ti pààrọ̀ wáyà. A ti pa ẹ̀rọ, a ti tàn án, títí ó fi sú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.”

“Ṣé etí rẹ di ni?”

Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé ọmọ Bàbá Ẹ̀rọ ló kọ ètò náà, lórí àga tí Kíákíá jókòó lé yìí, kí àìsàn tó mú un lọ. Láti ìgbà náà, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níbẹ̀.

Kíákíá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ dákun, sà. Mi ò sọ pé ọmọ yín ṣe é dàrú. Ọpọlọ méjì péré ló wà nígbà tó kọ ọ́. Fún ẹni méjì, tábìlì kan tó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbé gbogbo ẹrù ìpè kan fún ọpọlọ kan náà, kí ló tún kàn án pẹ̀lú tábìlì ẹlòmíì? Kí kálukú ní tirẹ̀.”

“Òfin tí ẹ̀rọ fi ń dá ìpè dókítà mọ̀ ńkọ́? Ọmọ mi pẹ́ lẹ́nu ìyẹn.”

“Ta ló fẹ́ pa ìyẹn rẹ́? Ẹ̀dà rẹ̀ la máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.”

Bàbá Ẹ̀rọ tẹjú mọ́ ara ògiri. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú jù.

“Dìde níbẹ̀.”

Kíákíá rò pé ó ń lé òun ni. Ó dìde, ó ń wá báàgì rẹ̀.

“Níbo lò ń lọ? Bí ẹnìkan á bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, èmi tí mo bí i ni. Máa kà á fún mi.”

Bàbá Ẹ̀rọ jókòó sórí àga náà. Ìka rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ padà, gbogbo ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Máníjà yọjú. “Ó mà ń lọ geere! Kí lẹ ṣe sí i?”

“Ọmọ mi ló ṣe é,” ni Bàbá Ẹ̀rọ fèsì. “A kàn fẹ̀ ẹ́ sí i ni.”

Kò tètè dìde lórí àga ọmọ rẹ̀. Kíákíá lọ wá àga mìíràn.